Ọkọ̀ Abìyẹ́ Orí Omi: Ṣé Ó Lè Kó Ẹrù Wa?

Àwọn kan nínú yín ti ń bi wá léèrè nípa ọkọ̀ kan tí wọ́n ní kò fara kan omi, tí kò sì fò lókè bíi bàálù. Wọ́n ní ṣé kí ẹgbẹ́ ti máa fi owó pamọ́ dè é ni? Nítorí ọ̀rọ̀ ti kan owó, ẹ jẹ́ ká là á yé ara wa.

Ẹni tó bá ti rí ẹyẹ òfú létí òkun á mọ̀ pé ó máa ń na ìyẹ́ gbọọrọ, á sì máa lọ nítòsí omi láì gbọn ìyẹ́ rárá. Atẹ́gùn tó há sáàárín ìyẹ́ àti omi ló ń gbé e ró, agbára tí yóò fi rìn á sì dín kù. Orí èyí ni wọ́n gbé ọkọ̀ náà lé. Kì í kúkú ṣe ohun tuntun. Rostislav Alexeyev, ará Rọ́ṣíà, ṣe ńlá kan tó fò lórí Òkun Caspian ní 1966. Epo nìyẹn ń mu bí ọ̀mùtí. Ní 1980 ó já, ó sì rì.

Ti ìsinsìnyí, bátìrì ló ń lò. Ilé iṣẹ́ REGENT ní Rhode Island, l'Amẹ́ríkà, ló ń ṣe é, wọ́n pè é ní Viceroy. Ní èbúté, á léfòó bí ọkọ̀ lásán. Bó bá ń yára, irin pẹlẹbẹ abẹ́ rẹ̀ á gbé e yọ nínú ìgbì. Lẹ́yìn náà ni ìyẹ́ á wá gbà á. Wọ́n ní yóò gbé èrò 12, yóò sáré 180 máìlì ní wákàtí kan, yóò sì lọ tó 180 máìlì kó tó gba iná mìíràn. "Wọ́n ní" la kọ o. Ní 2025 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dán odidi rẹ̀ wò lórí omi pẹ̀lú èèyàn nínú.

Bátìrì gan-an ni ìṣòro. Bí a bá gbé kílò bátìrì kan àti kílò epo kan síwájú yín, agbára ti bátìrì kò tó ìdá kan nínú ogún ti epo. Epo a sì máa tán, ọkọ̀ a fúyẹ́. Bátìrì tó ti tán kò fúyẹ́ rárá. Ìdí nìyẹn tí ẹrù fi kéré: 3,500 pọ́n-ùn ni wọ́n ní yóò gbé, ìyẹn kò pé àpò sìmẹ́ńtì 32. Ta ni yóò fi ìyẹn kó gàrí?

Ìgbì ńlá tún ń dà á láàmú, kò sì lè ṣẹ́rí lójijì, torí ṣóńṣó ìyẹ́ á kan omi. Ẹ wo ọ̀sà wa l'Ékòó: ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, àwọ̀n apẹja, ewéko tó bo omi. Ibo ló fẹ́ gbà?

Fún èrò tó ń kánjú láti ìlú etí òkun kan sí òmíràn, níbi tí iná kì í lọ, a rò pé yóò wúlò. Ní ti ẹrù ọjà, a ò ní gba ẹgbẹ́ nímọ̀ràn láti ná kọ́bọ̀ lé e lórí. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tí a ń háyà ṣì ni tiwa.