Ọlọ́dẹ Tó Wà Nínú Ewúrẹ́

Ẹni tó bá wọ Apẹ̀tẹ̀ lẹ́yìn aago méjìlá òru, iná tọ́ọ̀ṣì ló máa kọ́kọ́ bá a lójú kó tó gbọ́ “Ta nìyẹn?” Bí ọlọ́dẹ bá dá a mọ̀, á kí i kú àbọ̀. Bí kò bá dá a mọ̀, á bi í pé ilé ta ló ń lọ. Ẹni tí kò rí ilé kankan dárúkọ, ẹjọ́ rẹ̀ ti parí síbẹ̀. Ọlọ́dẹ ò ní ní kó lọ kọ sítétímẹ́ǹtì. Ọlọ́pàá ló ń ṣèyẹn: ẹ máa fẹjọ́ sùn, ẹ máa ṣàpèjúwe olè, ilẹ̀ á ṣú, ilẹ̀ á mọ́.

Ètò méjèèjì yìí náà ló wà lára ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu lẹ́yìnkùlé yín. Àwọn sójà ara kan wà tó dà bí ọlọ́pàá. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ojú kòkòrò kí wọ́n tó gbógun tì í, ìyẹn sì ń gbà tó ọjọ́ mélòó kan. Kó tó dìgbà náà, ọlọ́dẹ ló ń ṣọ́ ilé. NK ni wọ́n ń pè é, ìgékúrú natural killer, torí pé a bí pípa mọ́ ọn ni, kò kọ́ ọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara ló gbé káàdì ìdánimọ̀ kọ́rùn. Fáírọ́ọ̀sì mìíràn tó bá wọ sẹ́ẹ̀lì máa ń já káàdì náà bọ́, kí ọlọ́pàá má baà rí òun. Ibẹ̀ gan-an ni ọwọ́ ọlọ́dẹ ti ń tẹ̀ ẹ́: “Káàdì ẹ dà?” NK á lu sẹ́ẹ̀lì náà ní ihò, á da èròjà kan sí i, sẹ́ẹ̀lì á sì pa ara rẹ̀ pẹ̀lú àlejò tó gbà sílé.

Ìyá kan ládùúgbò wa ra ewúrẹ́ kan lọ́jà, ó dà á mọ́ mẹ́fà tó ti ní. Ọ̀sẹ̀ kan ò pé tí imú fi ń ṣàn, ipin dí wọn lójú, ẹnu ń rùn, ìgbẹ́ wọn dà bí omi. Kàtá ni. Ìyá tú kápúsù pupa-òun-yẹ́lò sínú omi ògì, ó rọ ọ́ fún wọn. Márùn-ún kú. Èmi ni mo bá a gbẹ́ ilẹ̀.

Nínú ìwé, PPR ni wọ́n ń pe kàtá, ìgékúrú orúkọ Faransé, nítorí Côte d'Ivoire ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní 1942. Ìbátan ni fáírọ́ọ̀sì tó ń fà á àti ti èéyi tí a ń gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ fún ọmọ oṣù mẹ́sàn-án. Ìwà kan náà sì ni wọ́n ń hù: ara àwọn ẹ̀ṣọ́ fúnra wọn ni ilẹ̀kùn tí wọ́n ń gbà wọlé wà. Sójà ara ni kàtá ń kọ́kọ́ mú. Iye wọn á dín kù, agbára NK náà á rẹlẹ̀, ọlọ́dẹ á wá di ẹni tó jókòó sídìí géètì láìní kóńdó lọ́wọ́.

Kápúsù ìyá ò lè pa fáírọ́ọ̀sì. Bakitéríà ló ń pa, ìyẹn àwọn gbéwiri tó gbọ́ pé kò sí ìṣọ́ mọ́, tí wọ́n wá ya wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ó lè gba ewúrẹ́ kan là lọ́wọ́ wọn, mi ò ní purọ́. Àmọ́ olórí ọ̀daràn ṣì wà nílé.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń fún ọlọ́pàá ní àwòrán rẹ̀ ṣáájú. Nigeria 75/1 ni orúkọ ẹ̀yà fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n sọ di ahẹrẹpẹ láti fi ṣe é, torí pé ilẹ̀ wa ni wọ́n ti rí i ní 1975. (Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n sọ NK lórúkọ ní Sweden!) Ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n bá gún un, ó ń dáàbò bo ewúrẹ́ fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí àìsàn ẹran ní Vom ń ṣe é, àjọ àgbáyé sì fẹ́ kí kàtá di àwátì tó bá fi máa di 2030.

Ìyá ti ra òmíràn. Ó so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé, níbi tí méjì tó ṣẹ́kù ò lè dé, ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni òun fún un. Ewúrẹ́ náà ń ké ṣáá lóru. Lánàá, ọlọ́dẹ kan ilẹ̀kùn, ó fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ nílé yẹn.