Gẹ̀gẹ̀ Kì í Ṣe Èpè

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé èpè ní í fa gẹ̀gẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹran kékeré kan, táírọ́ìdì, wà níwájú ọrùn. Áyódínì inú oúnjẹ ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Bí èyí bá dín, ó lè wú.

Ẹ gbé omi mì níwájú dígí: kókó tí ó bá bá ọ̀fun gòkè sọ̀kalẹ̀ lè jẹ́ gẹ̀gẹ̀.

Láti 1993 ni fífi áyódínì sí iyọ̀ ti di dandan ní Nàìjíríà. Kí aboyún má fi irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré, nítorí ọpọlọ ọmọ inú rẹ̀.

Bí ohùn bá há, tàbí tí mímí nira, ẹ má ṣe sín gbẹ́rẹ́ sọ́rùn. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ. Oògùn wà, iṣẹ́ abẹ sì wà. Kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò.