Àwòrán Ilé Gogoro Eiffel: Ti ọ̀sán yàtọ̀ sí ti alẹ́

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi ìsinmi rẹ̀ rin àwọn ìlú ńláńlá ilẹ̀ Yúróòpù, àwòrán ló sábà máa ń kó bọ̀ wálé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ̀ pé àwòrán kan wà téèyàn lè yà lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ tí kò gbọdọ̀ tà láìgba àṣẹ.

Ẹ wo ilé gogoro Eiffel ní Páríìsì. Ọdún 1889 ni wọ́n kọ́ ọ parí. Gustave Eiffel, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ọ, kú lọ́dún 1923. Òfin ilẹ̀ Faransé sì sọ pé lẹ́yìn 70 ọdún tí oníṣẹ́-ọnà bá ti kú, iṣẹ́ rẹ̀ di ti gbogbo ayé. Ìdí nìyẹn tí àwòrán tí wọ́n bá yà lọ́sàn-án fi ṣeé tà.

Ti alẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Iná tó ń tàn lára rẹ̀, tí Pierre Bideau ṣe lọ́dún 1985, jẹ́ iṣẹ́-ọnà tí òfin ṣì ń dáàbò bò. Ẹni tó yà á fún ìrántí kò jẹ̀bi. Ẹni tó fẹ́ fi ṣòwò gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn alábòójútó ilé náà.

Ní Jámánì ẹ̀wẹ̀, èèyàn lè ta àwòrán ojú ìta ilé tó bá yà láti ojú títì. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2003, ilé-ẹjọ́ gíga ilẹ̀ náà dájọ́ pé àǹfààní yìí kò kan èyí tí wọ́n yà láti inú ilé òdìkejì.

Ẹni tó bá fẹ́ sọ ìrántí dọjà, kó kọ́kọ́ wádìí. Abéèrè kì í ṣìnà.