Ẹ̀yin Ìyá Ọlọ́jà, Ẹ Má Tí Ì Tú Àpò Nítorí Mac!

Lóṣù kejì ọdún 2021 ni wọ́n mú ètò orí fóònù kan jáde, "Ètò" lorúkọ ẹ̀, tí àwọn onítírélà á fi gba àyè kí wọ́n tó wọ èbúté Àpápá. Ẹni tó bá lo irú ẹ̀ rí mọ̀ pé ojú kan wà tí à ń tẹ̀, ojú kan wà tí à ń kọ nǹkan sí. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya irú ojú bẹ́ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, àwòrán tó ṣeé tẹ̀ wò bí ẹni pé ohun gidi ni. Bí télọ̀ ṣe ń gé pépà kí sísọ́ọ̀sì tó kan ankárá nìyẹn. Bí pépà bá bàjẹ́, kò séwu. Bí ankárá bá bàjẹ́ ńkọ́? Ẹjọ́ dé!

Láti ọdún 2007 ni àjọ Paradigm Initiative ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Ajégúnlẹ̀ níṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ọmọ tó bá tibẹ̀ bọ́ sídìí iṣẹ́ yíyà yìí lè délé lálẹ́ ọjọ́ kan kó ní: "Màámi, Mac ni wọ́n ń lò o." Háà! Owó tó tó kún ìsọ̀ lọ́jà Boundary mà ni!

Sketch, tó jáde lọ́dún 2010, ló ní àfi Mac. Figma, tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́dún 2016, kò bèèrè Mac rárá. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ṣì lágbára á gbé e, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ sì lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Dátà ló máa ń jẹ, ìyẹn ni kí ọmọ fi sọ́kàn. Penpot náà wà, ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe sì lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà ara ẹ̀.

Àwọn kan á ní èyí tí ayé ń pariwo ni kó mú. Ariwo wo? Ṣebí InVision lókìkí nígbà kan. Nígbà tí ọdún 2024 parí, wọ́n tì í pa. Ẹni tí kò tètè kó iṣẹ́ ẹ̀ jáde, àdánù ni. Kí ọmọ bèèrè kó tó wọ inú èyíkéyìí: ṣé wọ́n á jẹ́ kí n kó àwòrán mi jáde bí wọ́n bá ń kógbá wọlé?

Bírò àti ìwé tiẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀. Kó ya ojú tí wọ́n á ti máa fowó ránṣẹ́, kó gbé e wá sí ìsọ̀, kó ní kí ìyá ẹ̀ fìka tẹ ibi tówó á gbà lọ. Bí màmá bá tẹ ibi tí kò yẹ lẹ́ẹ̀mejì, àwòrán ló ní àléébù, kì í ṣe màmá. Kó fà á ya, kó ya òmíràn. Oníbàárà tó wà lórí ìdúró náà lè bá a tẹ̀ ẹ́ wò.