Níbo Ni Kí Á Fẹ̀yìn Tì Sí ní Ìwọ̀-Oòrùn Amẹ́ríkà?

Ìbéèrè kan ń pọ̀ sí i láàrin àwọn ará wa tí ń gbé ní Amẹ́ríkà. Àwọn tí wọ́n wọ ìlú náà ní nǹkan bí ọdún 1985 sí 1995 ti ń di àgbà báyìí. Orí ti ń funfun, àwọn ọmọ ti lọ sí ilé ara wọn, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ ìjọba àti ọkọ̀ takisí tí a fi tọ́ wọn sì ti ń lọ sí òpin. Wọ́n wá ń bi àwa òjíṣẹ́ Ọlọ́run pé: Nínú gbogbo ìpínlẹ̀ tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, èwo ni kí á kó lọ láti lo ìyókù ọjọ́ ayé wa?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹni tí ó ṣi ibùgbé yàn ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún lè tún un yàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ta ilé rẹ̀ ní ọmọ ọdún 66, tí ó kó gbogbo owó náà lé ilé mìíràn ní ibi tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni, níbo ni yóò ti rí agbára láti tún bẹ̀rẹ̀? Nínú ìwé Gẹ́nẹ́sísì orí 13, ojú ni Lọ́ọ̀tì fi yàn. Ó rí ilẹ̀ tútù àti omi púpọ̀, ó sì gba ibẹ̀ lọ láìbéèrè irú ènìyàn tí ń gbé ibẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ bí ó ti parí. Àwọn àgbà wa sì wí pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí á wo ilé náà pọ̀.

ÀWỌN ÌPÍNLẸ̀ TÍ Ọ̀RỌ̀ KÀN

Ìpínlẹ̀ 13 ni ìjọba Amẹ́ríkà kà sí ìwọ̀-oòrùn nínú ètò ìkànìyàn wọn: California, Nevada, Arizona, Utah, Colorado, New Mexico, Idaho, Montana, Wyoming, Oregon, Washington, Alaska àti Hawaii. Wọn kò jọra rárá. Nínú ìkànìyàn ọdún 2020, California ní ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù 39 lọ, Wyoming kò sì pé 600,000. Àwa Pẹntikọ́sítì kò lè ka apá ibẹ̀ sí ilẹ̀ àjèjì. Ní òpópónà Azusa ní Los Angeles ni Ọlọ́run ti lo William Seymour, ọmọ àwọn tí wọ́n ti ṣe ẹrú rí, fún ìsọjí ọdún 1906. Ní ìlú yẹn kan náà ni a ti ṣí Angelus Temple ti ìjọ Foursquare ní ọdún 1923.

Ọ̀RỌ̀ OWÓ ORÍ

Ohun tí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé, "Nevada kò gba owó orí." Òótọ́ ni. Nevada, Wyoming àti Alaska kì í gba owó orí ìpínlẹ̀ lórí owó tí ènìyàn ń gbà wọlé. Arizona ń gba ìdá 2.5 péré nínú ọgọ́rùn-ún láti ọdún 2023. Ní California, ó lè dé ìdá 13.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò fẹ́ di ẹrù rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀. Àwọn olówó ńlá ni ìdá 13.3 yẹn wà fún. California kì í gba kọ́bọ̀ lórí owó ìfẹ̀yìntì ìjọba tí à ń pè ní Social Security, Arizona pẹ̀lú kì í gbà á. Bí ó bá jẹ́ pé Social Security àti owó kékeré mìíràn ni ẹ óò máa jẹ, ó lè jẹ́ pé owó orí tí ẹ ń sá fún kò tó nǹkan. Ẹ sì rántí pé ohun tí a kò gbà ní ọwọ́ ọ̀tún, a lè gbà á ní ọwọ́ òsì. Nevada ń gba ó kéré tán ìdá 6.85 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ọjà tí ẹ bá rà. Oregon àti Montana kì í gba ti ọjà, ṣùgbọ́n owó orí Oregon lórí owó tí ń wọlé lè dé ìdá 9.9.

Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ nìyí. Òfin kan tí àwọn ará California dìbò fún ní ọdún 1978 sọ pé iye tí a fi ń ṣírò owó orí ilé kò gbọdọ̀ lọ sókè ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́dún, títí ilé náà yóò fi di ti ẹlòmíràn. Nítorí náà, ẹni tí ó ra ilé ní Los Angeles ní ọdún 1992 lè máa san owó tí ó kéré púpọ̀ sí ti aládùúgbò rẹ̀ tí ó rà ní ọdún tí ó kọjá. Bí ó bá kúrò ní ìpínlẹ̀ náà, àǹfààní yẹn parí. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹrin ọdún 2021, ẹni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 55 lè gbé àǹfààní náà lọ sí ilé mìíràn ní ibikíbi nínú California. Bí ilé bá ti tóbi jù fún yín, ẹ ronú sí èyí kí ẹ tó sá lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn.

Ọ̀RỌ̀ ARA ÀTI ILÉ ÌWÒSÀN

Ní ọmọ ọdún 65 ni Medicare máa ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tí a bí ní ọdún 1960 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ kò sì ní gba Social Security rẹ̀ ní kíkún títí di ọmọ ọdún 67. Medicare tí ìjọba ń ṣe fúnra rẹ̀ ń bá ènìyàn lọ sí ìpínlẹ̀ gbogbo. Ṣùgbọ́n èyí tí ilé-iṣẹ́ aládàáni ń bójú tó, tí wọ́n ń pè ní Medicare Advantage, àdúgbò kan ni ó wà fún. Bí ẹ bá kó lọ, ẹ ó ní láti yan òmíràn, dókítà yín sì lè yí padà. Bẹ́ẹ̀ ni Medicare kì í san owó ilé ìtọ́jú arúgbó fún ìgbà pípẹ́. Ẹ béèrè èyí kí àìsàn tó dé.

A fẹ́ kí ìdílé Yorùbá fiyè sí ọ̀rọ̀ tí ó kàn yìí gidigidi, nítorí àwọn tí ń polówó ilé kò ní sọ ọ́. Denver ní Colorado ga ní 5,280 ẹsẹ̀ bàtà ju etí òkun lọ. Cheyenne ní Wyoming ju 6,000 lọ, Santa Fe ní New Mexico sì tó nǹkan bí 7,000. Afẹ́fẹ́ irú òkè bẹ́ẹ̀ fẹ́lẹ́. Ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde, ìyẹn SS, lè bọ́ sínú ìrora ńlá níbẹ̀. Kódà àwọn AS, tí a máa ń sọ pé kò sí ohun tí ó ń ṣe wọ́n, àwọn dókítà ti rí nínú wọn tí ẹ̀yà ara kan ní ìhà òsì wọn bàjẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n gun òkè bẹ́ẹ̀. A kò sọ pé kí AS má gbé Colorado, nítorí ọ̀pọ̀ ń gbé ibẹ̀ ní àlàáfíà. Ohun tí a wí ni pé kí ẹ mọ irú ẹ̀jẹ̀ tiyín àti ti ọmọ-ọmọ tí yóò máa wá kí yín ní ìsinmi, kí ẹ sì bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó sanwó ilé.

OORU, OMI ÀTI INÁ

Arizona dára fún ẹni tí òtútù ń dá ní eékún. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2023, ọjọ́ 31 tẹ̀lé ara wọn ni ooru ìlú Phoenix dé 110 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit. Ní Maricopa, àgbègbè tí Phoenix wà, ènìyàn 645 ni wọ́n kà pé ooru lọ́wọ́ nínú ikú wọn ní ọdún náà. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó kú nínú ilé, ẹ̀rọ amúlétutù wọn ni kò ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣe sọ pé, "Ọmọ Áfíríkà ni wá, ooru kò lè ṣe wá ní nǹkan." Ooru Ìbàdàn kò tó èyí.

Omi pẹ̀lú ń kọ́? Ìpínlẹ̀ méje ni ó ń pín omi odò Colorado láti ìgbà àdéhùn ọdún 1922, ènìyàn bí mílíọ̀nù 40 ni ó sì gbójú lé e. Ní oṣù keje ọdún 2022, adágún Lake Mead tí ń fún Las Vegas lómi fà dé ibi tí kò tíì dé rí láti ìgbà tí wọ́n ti kún un ní àwọn ọdún 1930. Ní ọdún 2023, Arizona dá àṣẹ kíkọ́ ilé tuntun kan dúró ní àyíká Phoenix, ní ibi tí ó jẹ́ pé omi abẹ́ ilẹ̀ nìkan ni wọ́n gbójú lé.

Iná náà ń bẹ. Paradise ní California jẹ́ ìlú kékeré tí àwọn arúgbó fẹ́ràn nítorí ilé ibẹ̀ kò wọ́n. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kọkànlá ọdún 2018, iná jó o, ènìyàn 85 ni ó kú, àwọn àgbàlagbà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, iná jó Altadena, níbi tí àwọn ìdílé adúláwọ̀ ti ní ilé láti ìran dé ìran. Nítorí náà, ẹ gba iye owó adójútòfò ilé kí ẹ tó san owó àsansílẹ̀ kankan. Ibòmíràn wà tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò kò fẹ́ fi ọwọ́ kàn mọ́.

ÌJỌ, ỌMỌ ÀTI ỌMỌ-ỌMỌ

Arizona ni Sun City wà, ìlú tí wọ́n ṣí ní ọdún 1960 fún àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì. Irú rẹ̀ ti pọ̀ nísinsìnyí. Ibẹ̀ mọ́, ó sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n òfin irú ibẹ̀ kì í gbà kí ọmọdé máa gbé ilé náà. Bí ọmọ yín bá ṣàìsàn, tí ó fẹ́ kí ẹ gba àwọn ọmọ rẹ̀ tọ́ fún ọdún kan, kí ni ẹ óò sọ? Àgbà tí kò gbọdọ̀ gba ọmọ-ọmọ rẹ̀ sílé, ìsinmi rẹ̀ kò pé.

Nevada ti fi àṣẹ sí ilé tẹ́tẹ́ láti ọdún 1931. Kì í ṣe ilé tẹ́tẹ́ ńlá nìkan ni ẹ̀rọ rẹ̀ wà. Ó wà ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Las Vegas, ó sì wà ní ilé ìtajà tí ẹ ti ń ra ata. Utah àti Hawaii kò fi àṣẹ sí tẹ́tẹ́ rárá, kódà wọn kò ní lọ́tìrì. Onígbàgbọ́ púpọ̀ ń gbé Nevada tí wọn kò fọwọ́ kàn án, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àgbà tí kò ní iṣẹ́, tí kò ní ìjọ, tí ó sì ní owó ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́, ẹni tí Èṣù ń wá ni. Ẹ wá ìjọ kí ẹ tó wá ilé, kí ẹ sì bèèrè bí ọ̀nà ibẹ̀ ti jìn tó fún ẹni tí kò ní lè wa ọkọ̀ lálẹ́ mọ́.

BÍ TỌKỌTAYA KÒ BÁ FOHÙN ṢỌ̀KAN

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń fa omijé nìyí. Bàbá á ní, "Bí a bá ta ilé yìí, a ó ra tuntun ní Arizona, owó á sì kù." Màmá á ní, "Ọmọ mi méjèèjì wà níhìn-ín, àwọn ìyá ìjọ mi wà níhìn-ín." Bàbá kò ṣe wèrè, màmá kò sì ya alágídí. Owó tí bàbá ń ṣírò jẹ́ owó gidi. Ohun tí màmá ń ṣírò pẹ̀lú jẹ́ ohun gidi, bí kò tilẹ̀ sí nínú ìwé báńkì.

Ìbéèrè kan ni a máa ń fi sí àárín wọn: nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni yóò kẹ́yìn? Kò sí ẹni tí ó mọ̀. Ṣùgbọ́n bí Jésù bá fa bíbọ̀, ọ̀kan yóò ṣáájú. Ilé tí ẹ óò yàn, ẹni tí yóò ṣẹ́kù ni kí ẹ yàn án fún. Ta ni yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn? Ta ni yóò kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọjọ́ tí kò bá wá sí ìjọ? Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni ó ń mu. Òkété kò sì lè mu ọmú ọmọ tí ó jìnnà ní wákàtí mẹ́fà.

Ẹ tún ìwé ìhágún yín ṣe pẹ̀lú. Ní California, Arizona, Nevada, New Mexico, Idaho àti Washington, òfin ka ohun tí tọkọtaya bá kó jọ nínú ìgbéyàwó sí ti àwọn méjèèjì. Ní Colorado, Utah àti Oregon, òfin wọn yàtọ̀. Ẹ rí agbẹjọ́rò ní ibi tí ẹ bá dé.

Ní ti àwọn tí ń sọ pé ilé ni àwọn yóò padà sí, a kò bá wọn jà, nítorí àjò kì í dùn kí onílé má relé. Kí wọ́n ṣá mọ̀ pé Medicare kì í san owó ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Ẹ gbàdúrà pọ̀ fún oṣù díẹ̀, kí ẹ sì ṣírò bí Jésù ti kọ́ wa nípa ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ nínú Lúùkù orí 14. Ẹ yá ilé gbé fún ọdún kan kí ẹ tó rà. Bí ó bá jẹ́ Arizona, ẹ lọ ní oṣù keje. Bí ó bá jẹ́ Montana, ẹ lọ ní oṣù kìíní. Bí ọmọ àti ìjọ yín bá wà ní California, tí ẹ sì ti san gbèsè ilé tán, a kò rí ìdí tí owó orí nìkan yóò fi lé yín jáde. Bí ó bá sì jẹ́ pé ilé ni ó ń jẹ gbogbo owó yín, tí ọmọ yín kan ti wà ní Phoenix tàbí Las Vegas, ẹ má bẹ̀rù láti lọ.

Kí Ọlọ́run tí ó mú Ábúráhámù rìn nínú àgọ́ mú wa dé ibi ìsinmi wa. Kí ó má jẹ́ kí ọjọ́ ogbó wa di ọjọ́ ìdáwà. Ní orúkọ Jésù. Àmín.