Ìtẹ̀jáde Àkọ́kọ́ àti Àwọn Tí Ń Wá A

Ní ilẹ̀ Faransé, ẹni tí ń kó ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ àwọn ìwé ìtàn àròsọ àtijọ́ jọ kì í wo ẹwà èèpo ìwé nìkan. Bí ó bá rí Madame Bovary tí Flaubert kọ, tí a tẹ̀ ní 1857, ojú ewé tí òǹkọ̀wé fi yẹ́ agbẹjọ́rò rẹ̀ sí ni yóò kọ́kọ́ ṣí. Sénard ni orúkọ agbẹjọ́rò náà. Nínú àwọn ẹ̀dà tí ó ṣáájú, àwọn òǹtẹ̀wé ṣì í tẹ̀ sí Senart. Àṣìṣe lẹ́tà kan yìí ni olùwá-ìwé fi ń dá wọn mọ̀.

Ìbàdàn náà ní tirẹ̀. Ní 1911 ni Isaac Babalọlá Akínyẹlé, tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde. Gbọ̀ngàn Mápó kò tíì sí lórí òkè nígbà náà. 1929 ni a ṣí i. Ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ parí ní 1897 pàápàá kò tíì jáde, nítorí pé àfọwọ́kọ rẹ̀ sọnù sí òkè òkun, ó sì di 1921 kí èyí tí àbúrò rẹ̀ tún tò tó jáde.

A tún ìwé Akínyẹlé tẹ̀ lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ sì jẹ Olúbàdàn ní 1955. Ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin kọ àti ohun tí a tún tẹ̀ nígbà tí ó ti di àgbà ìlú lè má rí bákan náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bí a bá fi nǹkan kún un, tàbí bí a bá yọ nǹkan kúrò, àfi kí ó gbé ìtẹ̀jáde méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀ràn náà kì í ṣe ti ọ̀mọ̀wé nìkan: bí ìdílé méjì bá ń jiyàn lórí oyè tàbí ilẹ̀, irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń nawọ́ sí.

Inú àpótí bàbá àgbà, ní àwọn agboolé Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba, ni ó yẹ kí a ti wá a ju ilé ìtàwé lọ. Ikán àti òjò ti jẹ púpọ̀. Àwọn alákàrà náà kò gbẹ́yìn. Ẹni tí ó bá rí ọ̀kan, kí ó má ṣe bọ́ èèpo rẹ̀ sọnù, kí ó má sì pa ohun tí a fi tàdáwà kọ sí ewé iwájú rẹ́. Níbẹ̀ ni bàbá mìíràn kọ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ rẹ̀ sí, kò sì sí àkọsílẹ̀ rẹ̀ níbòmíràn.

Ìwé tí Henry Carr kó jọ ní Èkó kò túká lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1945. Ìjọba rà á, ó sì di ara ìpìlẹ̀ ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn. Ìdílé tí kò bá fẹ́ ta tirẹ̀ lè jẹ́ kí a ya àwòrán ewé kọ̀ọ̀kan, kí ó sì gbé ìwé rẹ̀ padà sílé.