Ohun èlò nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún ilé tí kọ̀ǹpútà pọ̀ sí ní Àkókó

Router ni ẹ̀rọ tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, tó sì ń pín in fún àwọn kọ̀ǹpútà àti fóònù inú ilé. Ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, òkè àti àpáta máa ń dínà mọ́ ìgbì òpó ìbánisọ̀rọ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dáa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lè má sí rárá ní yàrá ẹ̀yìn. Router tó ń gba síìmù ilé-iṣẹ́ yòówù, ìbáà ṣe MTN, Airtel tàbí Glo, ló yẹ ní rírà, kí wọ́n lè lo èyí tó bá ń wọlé dáadáa.

Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì orí sátẹ́láìtì tó dé Nàìjíríà ní oṣù Kíní ọdún 2023, kò nílò òpó. Ojú ọ̀run gbalasa ló ń fẹ́. Àmọ́ ó máa ń jẹ iná púpọ̀, bẹ́ẹ̀ router kékeré tó ń lo fólítì 12 àti amp 1 kì í kọjá wáàtì 12. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyí níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀: bátìrì kékeré á gbé router fún wákàtí díẹ̀, Starlink á fẹ́ bátìrì tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wi-Fi ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Àwọn ẹ̀rọ orí ìkànnì kan náà ń gba ara wọn láyè ni: bí ọ̀kan bá ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á dákẹ́ dè é. Kọ̀ǹpútà kan péré tó ń fà lẹ́yìn ògiri búlọ́ọ̀kù mẹ́ta lè gba àkókò mọ́ gbogbo ilé lọ́wọ́. Wi-Fi 6 dín ìṣòro náà kù, kò mú un kúrò.

Nítorí náà, wáyà ló tọ́ sí kọ̀ǹpútà tí kì í kúrò lójú kan, kí Wi-Fi wà fún fóònù. Wáyà Cat5e ń gbé gígábíìtì kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan dé mítà 100. Router ilé kì í sábà ní ju ihò mẹ́rin lọ. Switch oníhò mẹ́jọ, ẹ̀rọ tó ń fi ihò kún ti router, á yanjú ìyẹn. Owó tí wọ́n fẹ́ kó lé router olówó ńlá, wáyà gidi àti bátìrì ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ fún.

Ayédèrú wáyà pọ̀ lọ́jà. Ọ̀bẹ la fi ń mọ̀ ọ́n: bí wọ́n bá ha okùn tín-ín-rín inú rẹ̀, bàbà gidi á pupa dénú. Èyí tó bá funfun lábẹ́, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni. Ó máa ń tètè kán.

Wáyà bàbà kò gbọdọ̀ gba ìta láti ilé kan sí èkejì, nítorí ààrá. Bí ojú ọjọ́ bá ti ń ṣú, yíyọ wáyà iná nìkan kò tó. Bí antenna bá wà lóde, wáyà tó ti ibẹ̀ wọlé gbọ́dọ̀ kúrò lára router pẹ̀lú, kí òjò tó dé.